Ọ̀nà Òfuurufú Ò Jìn, Ọ̀nà Ilẹ̀ Ló Gùn

Tí ọmọ ìwòyí bá fẹ́ mọ bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà sí Èkó tó, fóònù ló máa yọ lápò. Kó tó pajú dé, fóònù á ti dá a lóhùn: nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ nínú bàálù. Èsì náà péye, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí ní Òkìtìpupa ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, mo mọ̀ pé ìrìnàjò ọmọ Ìkálẹ̀, ìyẹn àwa ará agbègbè Òkìtìpupa, kì í bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ṣírò rẹ̀ láti ibẹ̀, a ó rí i pé bàálù ti ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó kù tó ń fa ìrìn náà gùn, ọwọ́ àwa èèyàn ló wà.

Omi ni ọ̀nà Èkó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀nà mọ́tò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ ni, bí òjò bá sì ti rọ̀ sí i, lọ́rì á rì dé àárín táyà. Àwọn ìyá wa tó ń ta epo pupa, èkùrọ́ àti púpurù, etí odò ni wọ́n ń sọ̀ sí. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ á gba odò Olúwa, á já sí ọ̀sà lọ́nà Àtìjẹ́rẹ́, á kọjá Lẹ́kì àti Ẹ̀pẹ́, á yà sí Ẹ̀jìnrìn bó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kó tó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀bùtẹ́ Ẹrọ̀. Ìyá mi a máa mú mi dání lásìkò ìsinmi ilé ìwé. Orí àgbá epo la máa ń sùn, òórùn epo á sì wà lára aṣọ wa títí a ó fi padà dé. Ibi tí ojúoró bá ti dí odò, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, àwọn ọmọ ọkọ̀ á mú ọ̀pá gígùn, wọ́n á máa fi ti ewé náà sápá kan díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi là. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ̀gá ọkọ̀ pé aago mélòó la ó dé. Ohun tí àwọn ìyá ń bi í ni pé ṣé a ó dé kí ọjà tó tú. Ẹni tó bá gbéra lónìí mọ̀ pé lónìí kọ́ lòun máa dé Èkó.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí ọmọ Ìkálẹ̀ ìgbà náà tó fojú kan ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, ó ti rin ìrìnàjò kan tán. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò baba mi lọ sí Liverpool láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ọkọ̀ méèlì ló wọ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ Elder Dempster ń tù. Àwọn mẹ́ta tó lórúkọ jù nígbà náà ni Accra, Apapa àti Aureol, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951. Wọ́n á kúrò ní Apápá, wọ́n á dúró ní Takoradi, ní Freetown àti ní Las Palmas, ìrìn náà sì ń gbà tó bí ọ̀sẹ̀ méjì lórí òkun. Nígbà tí ó ń lọ, wọ́n ṣe ìsìn ìdágbére fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ńlá wa sì gbé e mọ́ra, ó súre fún un, ó wá sọ fún un ní gbangba pé kó má retí pé yóò bá òun. Òótọ́ ni màmá sọ. Kò bá a.

Àbúrò baba mi fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ omi o, àmọ́ létà rẹ̀ ń wọ bàálù. Bébà búlúù fẹ́lẹ́ kan ni, èyí tí wọ́n ń ká pọ̀ tí yóò sì di àpò ara rẹ̀. Baba mi kò mọ ìwé kà, nítorí náà èmi ni mo ń kà á fún un, mo sì máa ń wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kí n tó tú u. Òǹtẹ̀ ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn. Ti Liverpool á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n lù ú. Èmi náà á wá wo ọjọ́ tí létà tẹ̀ wá lọ́wọ́. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀ ni mo mọ̀ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àpò létà ń fò láti ìlú òyìnbó dé Ìkẹjà. Gbogbo ọjọ́ tó kù, Ìkẹjà sí Òkìtìpupa ló ń jẹ ẹ́. Létà tó fi eré kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, inú igbó wa níhìn-ín ló ti ń rá.

Bàálù kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà nígbà náà. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Imperial Airways ti gbé ọ̀nà wọn láti Khartoum dé Kánò, wọ́n sì nà án dé Èkó kí ọdún náà tó parí. Ní 1946, ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn dá ilé iṣẹ́ bàálù kan sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia lápapọ̀. Inú rẹ̀ ni Nigeria Airways ti jáde lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 1958. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth gúnlẹ̀ sí Ìkẹjà lọ́jọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 1956, ìdí rédíò ọ̀gá ilé ìwé wa la pé jọ sí láti gbọ́ bó ṣe ń lọ. Bàálù tó lo abẹ̀bẹ̀ ni tìgbà náà. Bó bá gbéra ní Èkó, á balẹ̀ ní Kánò, á tún balẹ̀ ní apá àríwá Áfíríkà láti mu epo, kó tó dá òkun Mẹditaréníà kọjá. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ó lè sún mọ́ ọ̀sán kan òru kan kó tó rí Lọ́ńdọ̀nù. Síbẹ̀, bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ọkọ̀ méèlì, iṣẹ́ ìyanu ni.

Ìyípadà ńlá dé ní 1964. Àwọn òyìnbó ṣe bàálù tuntun kan tí wọ́n pè ní VC10, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló so mọ́ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn pápákọ̀ òfuurufú ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni wọ́n sì ṣe yà á sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún náà tí ó kọ́kọ́ gbé èrò tó sanwó, Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ló rìn. Láti ọjọ́ náà ni wákàtí Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù ti wọ inú mẹ́fà sí méje, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di òní olónìí. Ẹ gbọ́ o: ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bàálù òde òní jẹ epo níwọ̀nba, ó tóbi, ó dákẹ́, ẹrù tó ń gbé sì pọ̀, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò ju ti VC10 lọ. Ọ̀nà náà kò sì ṣàì mú èèyàn lọ. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, VC10 ti Nigeria Airways tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù já nígbà tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ ní Ìkẹjà. Èèyàn 87 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Ọdún ogun Biafra ni, òkú ti pọ̀ nílẹ̀, àmọ́ ìròyìn yẹn pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́.

Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Glóòbù kan ṣoṣo la ní ní ilé ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kán, nítorí náà inú igbá la máa ń gbé e sí kó má baà yí lọ. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni kí n ní kí wọ́n wọn Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù láì lo rúlà. Mo kọ́ wọn pé àwọn ìlà tó dábùú ayé, ìwọ̀n kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi 111 kìlómítà. Èkó wà lórí ìwọ̀n mẹ́fà àti ààbọ̀. Lọ́ńdọ̀nù wà lórí ìwọ̀n 51 àti ààbọ̀. Àlàfo wọn jẹ́ 45. Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè Èkó gan-an, ìwọ̀n mẹ́ta àti ààbọ̀ péré ló yẹ̀ sápá òsì. Ẹ wá fi 45 sọ 111 di púpọ̀: 4,995. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i á pariwo, nítorí pé ìwé atúmọ̀ ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò, nǹkan bíi 5,000 ló wà níbẹ̀. Ọmọ Òkìtìpupa tí kò dé Ìkẹjà rí, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì wọn ayé.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n wo ìlú tiwa. Òkìtìpupa náà wà lórí ìwọ̀n mẹ́fà àti ààbọ̀ bíi ti Èkó. Ìlà kan náà ni. Ẹni tó bá dúró níbí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn gan-an, Èkó ló kọjú sí. Ojú òfuurufú láti ibí dé Ìkẹjà jẹ́ nǹkan bíi 160 kìlómítà. Bàálù tó ń sáré 900 kìlómítà ní wákàtí kan kò ní lò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn mọ iye ọjọ́ tí ìyá wọn ń lò. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni bí ibì kan ṣe jìnnà sí, ọ̀tọ̀ ni iye àkókò tí a fi ń débẹ̀.

Nígbà tó kan èmi náà, ìgbà dára. Ìjọba Ajásin ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ń lọ, wọ́n sì ń wá olùkọ́ tó mọṣẹ́. Mo rí kọ́ọ̀sì kan gbà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì lọ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980. Ọ̀nà márosẹ̀ láti Ṣágámù dé Bìní ṣì tutù nígbà náà, ọ̀dà rẹ̀ dúdú kirikiri. Orè, ibi tí ojú wa ti rí màbo ní 1967 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀, ti wá di ibi tí èrò ń yà jẹun. A gbéra lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, a kọjá Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde, kí oòrùn tó kan àtàrí a ti dé Èkó. Ọ̀nà tí ìyá mi fi ọjọ́ ń rìn, mo fi òwúrọ̀ kan rìn ín. Mo rò pé a ti bọ́ nínú rẹ̀ títí láé.

Pápákọ̀ Murtala Muhammed kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ṣí i. Oṣù Kẹta 1979 ni wọ́n ṣí i, ti Schiphol ní ilẹ̀ Holland ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Gíláàsì rẹ̀ ń dán, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń gbé èèyàn fúnra rẹ̀. Nigeria Airways ni mo wọ̀, èyí tí wọ́n ya erin tó ń fò sí gẹ́gẹ́ bí àmì. Mi ò gba físà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé mo parọ́: ní ìgbà náà, ọmọ Nàìjíríà ń gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ní 1986 ni ìjọba Bìrìtìkó tó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. A gbéra lóru, iná Èkó sì tètè parẹ́. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn ni fún wákàtí púpọ̀: Niger, Algeria, gbogbo aṣálẹ̀ náà, láìsí iná kan, àfi ìgbà tí mo rí ibì kan tó ń jó fòò, tí òṣìṣẹ́ bàálù sọ fún mi pé gáàsì ni wọ́n ń sun níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Mo fi aago ọwọ́ mi ṣọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn: bí ọ̀nà bá jẹ́ 5,000, tí eré sì jẹ́ 900, ó yẹ ká fi wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ dé. Ibo ni wákàtí tó kù ń lọ? Kí a tó balẹ̀ mo ti rí ìdáhùn. Bàálù máa ń rọra rìn lórí ilẹ̀ kó tó gbéra, ó máa ń fi bí ìdajì wákàtí gun òkè, ó tún máa ń dẹ eré nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kì í gba ọ̀nà tó tọ́ bí òwú. Ojú ọ̀nà tó ní orúkọ wà lójú òfuurufú, ibi tí wọ́n bá ní kó gbà ló ń gbà. Atẹ́gùn lè kọjú sí i. Bó bá sì dé òkè Heathrow, ó lè bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń yípo, òun náà á tò. Nígbà tí mo jáde, aago ọwọ́ mi àti ti ara ògiri wọn bára mu, nítorí pé nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa dọ́gba. Oorun nìkan ló ń kùn mí. Ara mi kò mọ̀ pé òun ti kúrò nílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bàálù kò fà sẹ́yìn. Ilẹ̀ ló fà sẹ́yìn. Físà dé ní 1986, ìrìn wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ wá di ohun tí èèyàn ń fi oṣù múra fún. Erin tó ń fò bẹ̀rẹ̀ sí í rù, bàálù rẹ̀ ń dín, gbèsè rẹ̀ ń pọ̀, títí ìjọba fi pa ilé iṣẹ́ náà dé ní 2003. Ọ̀nà Orè tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan wá di kòtò. Láàárín ọdún 2006 sí bíi 2012, ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ wọ bàálù ní Èkó kò jẹ́ gbéra lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàálù á fi í sílẹ̀. Tírélà á ṣubú dábùú, ọkọ̀ á tò láti àárọ̀ di àárọ̀, àwọn ọmọ á máa ta omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì láàárín wọn. Mo mọ ìyá kan tó lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tó sun Orè mọ́jú nínú bọ́ọ̀sì. Òru tó sùn sójú ọ̀nà gùn ju òru tó fi fo Sàhárà lọ. Wọ́n ti tún apá tó pọ̀ ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, a sì dúpẹ́. Àmọ́ nísinsìnyí, ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé ló kù tó ń mú kí awakọ̀ má fẹ́ rìn lálẹ́. Ẹni tí bàálù rẹ̀ máa gbéra ní aago mọ́kànlá òru, àná ló ti wà lọ́nà.

Ẹnì kan á ní, ṣebí pápákọ̀ òfuurufú wà ní Àkúrẹ́. Ó wà. Láti Ìkẹjà dé ibẹ̀ lójú òfuurufú kò ju nǹkan bíi 230 kìlómítà lọ, kò sì tó wákàtí kan nínú bàálù. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn bàálù á wà, ìgbà mìíràn kò ní sí, ọ̀nà àtilọ sí Àkúrẹ́ láti Òkìtìpupa sì ṣì gba Orè àti Oǹdó. Mi ò lè dárúkọ Àkúrẹ́ kí n má rántí ọmọ wa, Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò. Onímọ̀ nípa òkúta ilẹ̀ ni, ó kọ́ àwọn èèyàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, mínísítà fún ètò ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009, ìgbà ìjọba rẹ̀ ni wọ́n dá yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá, wọ́n gbé òkú rẹ̀ sínú bàálù ní Ìkẹjà láti gbé e lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Bàálù náà já kété tó gbéra. Èèyàn tó lé ní mẹ́wàá tó sin òkú náà lọ ló bá a lọ. Gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ló ti pa ìlẹ̀kùn sílẹ̀ de òkú kan, ìró òkú rẹpẹtẹ la gbọ́. Ẹni tó ti jẹ́ alákòóso bàálù gbogbo Nàìjíríà ni o. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní ìṣẹ́jú ogójì péré ni bàálù Àkúrẹ́, n kì í dáhùn.

Àwọn ọmọ wa kò dúró sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan mọ́. Wọ́n wà ní Atlanta, wọ́n wà ní Houston. Ìyẹn ọ̀nà mìíràn. Èkó sí Atlanta lé ní 9,000 kìlómítà, Èkó sí Houston lé ní 10,000. Láti ìparí 2007 ni bàálù ti ń lọ tààrà sí Atlanta, ìlọ sì ń gbà tó wákàtí méjìlá. Àbọ̀ kì í gùn tó ìlọ, nítorí pé atẹ́gùn ńlá kan ń fẹ́ lókè òkun náà láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ń dojú kọ ọ́, ẹni tó ń bọ̀ wálé á bá a lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn kí n máa sọ fún àwọn ọmọ pé atẹ́gùn Ọlọ́run pàápàá fẹ́ kí wọ́n wálé. Ṣùgbọ́n ara ń jẹ níbẹ̀, nítorí wákàtí mẹ́fà tàbí méje ni Houston fi wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé, òru ni yóò máa jókòó sí àgbàlá, yóò máa wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ojú òfuurufú náà ní ìlẹ̀kùn, mo ti rí i tí wọ́n tì í. Ní oṣù Kẹta 2020, nítorí àrùn Kòrónà, Nàìjíríà ti àwọn pápákọ̀ fún bàálù òkèèrè, wọn kò ṣí wọn títí di oṣù Kẹsàn-án. Láàárín ìgbà náà, Lọ́ńdọ̀nù padà jìnnà ju ti ayé ọkọ̀ méèlì lọ. Lórí fóònù ni àwọn ọmọ kan ti wo bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ sórí baba wọn. Ní oṣù Kẹjọ 2023 ẹ̀wẹ̀, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger ti ojú òfuurufú orílẹ̀-èdè wọn fún bí oṣù kan. Àwọn bàálù tó ń bọ̀ wá sí Èkó láti Yúróòpù ní láti yí gba ibòmíràn, àkókò wọn gùn, epo wọn pọ̀ sí i. 5,000 tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pátákó kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń pàṣẹ bóyá a lè rìn ín.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo rẹ̀ ni ti púpurù. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: gbáàgúdá tí wọ́n rẹ títí ó fi kan, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n ṣù roboto, tí wọ́n tò sórí àjà iná títí èéfín fi sọ ara rẹ̀ di dúdú. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ á fi ọ̀bẹ ha dúdú náà kúrò kí funfun inú rẹ̀ tó yọ, á gún un, á kù ú. Àwọn ìyá kan máa ń hà á sílẹ̀ kí ọmọ tó gbé e lọ, kí ẹrù má baà wúwo, torí kílò mẹ́tàlélógún ni báàgì kan, wọn kì í gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní kò sí púpurù níbi tí kò sí èéfín, odindi ni wọ́n ń dì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí òṣìṣẹ́ kan mú ọ̀kan jáde nínú báàgì ọmọ mi ní Ìkẹjà, ó gbọ́n ọn mì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bi í pé òkúta kí nìyí. Ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó wà lórí ìlà lẹ́yìn ló bá wa dáhùn: “Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ ni o!” Púpurù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà ní Òkìtìpupa ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ń fi ọbẹ̀ marúgbó jẹ ẹ́ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ Sátidé. Àbúrò baba mi tó wọ ọkọ̀ méèlì kò fojú kan púpurù ní gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀.

Láti oṣù Kẹta 2024, ilé iṣẹ́ bàálù ọmọ Nàìjíríà, Air Peace, tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti Èkó, ní Gatwick. Inú mi dùn, torí ìjà owó tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àjèjì àti tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìjọba ní Àkúrẹ́ àti Àbújá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé é fi bàálù ṣe ìran fún wa. Ọ̀nà Òkìtìpupa sí Orè ni kí ẹ tún ṣe, kó pé, kó sì wà pẹ́. Ẹ fi ẹ̀ṣọ́ sí ojú ọ̀nà Orè sí Ìjẹ̀bú-Òde tọ̀sántòru. Ẹ jẹ́ kí bàálù Àkúrẹ́ máa fò lọ́jọ́ tó bá ní òun máa fò. Bí ẹ bá ṣe mẹ́ta yìí, ọmọ Ìkálẹ̀ á jẹun àárọ̀ nílé baba rẹ̀, á sì jẹ tọjọ́ kejì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí jù. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá ńlá wa ní ìdí tó fi sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má retí òun: ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun, ọjọ́ lórí ọ̀sà, owó tí kò sí. Ẹ̀yin kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, méjìlá láti Atlanta, kò jìnnà. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín wá sìnkú. Ẹ máa wálé wá wò wá nígbà tí ẹnu wa ṣì lè súre fún yín.